Agbọ́-Ẹjọ́-Ẹnìkan-Dá: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíka Ìwé Ìtàn Ayé Àtijọ́

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, "A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà." Ìwọ ọmọ ilé-ìwé tí ò ń ka ọ̀rọ̀ yìí, bóyá o rò pé ọba àti ìjòyè àti adájọ́ nìkan ni òwe náà ń bá wí, nítorí àwọn ni a máa ń kó ẹjọ́ wá bá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ní ọjọ́ tí o bá ti ṣí ìwé tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó ti kú, ìwọ náà ti jókòó sórí àga ìdájọ́. Àwọn òkú kò lè padà wá rojọ́ fúnra wọn. Ohun tí ìwé bá wí nípa wọn ni ìwọ yóò gbà. Ohun tí o bá sì gbà ni ìwọ yóò máa sọ kiri, títí àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Bí o bá ṣi ẹjọ́ wọn dá, ta ni yóò gbèjà wọn?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé-ìwé kan tí mo ti ń kọ́ni, àwọn ọmọkùnrin méjì kan wà tí wọn kì í fi ara wọn sílẹ̀. Ibùsùn wọn kángun sí ara wọn, inú àwo kan náà ni wọ́n sì máa ń jẹun. Ọmọ Ìbàdàn ni ọ̀kan; ìdílé èkejì sì ti Ìjàyè wá. Ní sáà kan, a ka eré-oníṣe tí Ọlá Rótìmí kọ nípa Kúrunmí, alágbára ọkùnrin tí ó jẹ́ olórí Ìjàyè nígbà ogun. Bí a ti kà á tán, ọmọ Ìjàyè dìde, ó ní àwọn ará Ìbàdàn ni ó pa àwọn ọmọ Kúrunmí márààrún, àwọn náà ni ó sì ba ìlú baba òun jẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, òun kò ní bá ọmọ apànìyàn jẹun mọ́. Ọmọ Ìbàdàn kò dákẹ́. Ó lọ sí yàrá ìkàwé, ó gbé ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ wá, ó ka ibi tí ó ti sọ bí Kúrunmí ti rorò tó, ó sì ní ohun tí ó gbìn ni ó ká. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn méjèèjì kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ogun tí Ìjàyè ti fọ́ sí láti ọdún 1862 tún bẹ̀rẹ̀ láàárín ibùsùn méjì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí dùn mí púpọ̀. Kì í ṣe pé wọn kò kàwé, wọ́n kàwé. Àṣìṣe wọn ni pé ìwé kọ̀ọ̀kan ni olúkúlùkù wọn kà, ó sì rò pé ẹjọ́ ti parí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ogun Ìjàyè yìí ṣe àpẹẹrẹ, kí a wo àwọn ìwé tí ó sọ nípa rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ ohun tí ó yẹ kí a gbà lọ́wọ́ olúkúlùkù.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀ pé irú ìwé méjì ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa ayé àtijọ́. Èkínní ni ìwé ìtàn gan-an. Ẹni tí ó bá kọ irú rẹ̀ ti bá wa dá májẹ̀mú pé òun kò ní fi àròsọ kún un, àti pé ohun tí òun rí tàbí tí òun gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó rí i ni òun yóò wí. Èkejì ni ìtàn-àròsọ tàbí eré-oníṣe tí a gbé ka orí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ èyí kò bá wa dá irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣèlérí ni pé òun yóò mú wa wọ ilé àwọn ará ìgbà náà, kí a rí ojú wọn, kí a gbọ́ ohùn wọn, kí a sì mọ ohun tí ó ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Ó lè kó ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta jọ sínú ọjọ́ mẹ́ta. Ó lè fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó tilẹ̀ lè dá ènìyàn tí kò wà rí, bí Adébáyọ̀ Fálétí ti ṣe nínú ìwé rẹ̀, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, tí ó jáde ní 1969. Bí o bá wá Àjàyí, akọni inú ìwé náà, lọ sínú ìwé ìtàn, o kò ní rí i. Síbẹ̀, bí o bá ka ìwé náà tán, ìwọ yóò mọ bí ó ti ń rí lára àwọn tí ń sin ìlú ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ìtàn-àròsọ jẹ́ irọ́, ìwé ìtàn sì jẹ́ òtítọ́, kò tíì mọ̀wé kà. Májẹ̀mú ni ó yàtọ̀. A kì í bá aláró jà pé kò ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wa.

Ó dára; ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ìtàn náà ní kúkúrú. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà. Ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kí àwọn ìlú ńlá méjèèjì lè jẹ́ odi fún ìyókù ilẹ̀ náà. Àṣà tí ó wà nígbà náà ni pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ ní láti bá a kú. Àtìbà kò fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, kú. Ó bẹ àwọn ìjòyè ńlá pé kí wọ́n jẹ́ kí ó jọba lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí kọ̀. Ní 1859, Àtìbà wàjà, Adélù gorí ìtẹ́, Kúrunmí sì wí pé òun kò mọ̀ ọ́n ní Aláàfin. Ní 1860, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè. Àwọn Ẹ̀gbá dìde láti ran Ìjàyè lọ́wọ́. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, ọwọ́ Ìbàdàn tẹ Ìjàyè, ìlú náà sì fọ́.

Eré-oníṣe ni kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ní 1969 ni wọ́n ṣe eré Kúrunmí fún àwọn ènìyàn wò ní Ifẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé ní 1971. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Rótìmí fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n òwe Yorùbá kún ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ohun tí ó dára jù lọ nínú eré náà ni pé ó jẹ́ kí a mọ Kúrunmí láti inú. Bí o bá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìwọ yóò rí àgbàlagbà kan tí ó ń wo bí ayé tí ó mọ̀ ti ń yí padà lójú rẹ̀, tí ó sì rò pé bí a bá ti yọ òkúta kan kúrò lára ìpìlẹ̀, ilé yóò wó. Ó lè máà jẹ́ pé o gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n o kò ní lè wí mọ́ pé aṣiwèrè ni. Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá. Ìwé ìtàn lè sọ fún wa pé ọkùnrin kan kọ̀ láti tẹrí ba; eré rere ni ó ń jẹ́ kí ọrùn tiwa náà le pẹ̀lú tirẹ̀ fún wákàtí kan.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a yin Rótìmí fún ni pé kò sọ àwọn ará Ìbàdàn di òṣìkà lásán. Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, kò fẹ́ ogun náà nínú eré. Bákan náà ni Johnson sì sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn. Ògúnmọ́lá ni ara rẹ̀ gbóná sí ogun. Ọmọ Ìjàyè tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi ara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí inú ti ń bí i.

Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé eré san owó kan, ó sì yẹ kí a mọ iye tí ó san. Nínú eré, nígbà tí àwọn ọmọ Kúrunmí ti kú tí ogun rẹ̀ sì ti fọ́, ó gbé májèlé mu, ó kú, eré sì parí. Ojú wa kún fún omijé, a dìde, a lọ sílé. Rántí ohun tí a ti kà lókè: Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì dúró títí di oṣù kẹta 1862. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó wà láàárín. Ṣé irọ́ ni Rótìmí pa? Rárá o. Alẹ́ kan ni a fi ń wo eré; kò lè máa bá a lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí erin ti wó. Òun fúnra rẹ̀ sì pe iṣẹ́ rẹ̀ ní eré ìbànújẹ́ tí a mú láti inú ìtàn, kò pè é ní ìwé ìtàn.

Síbẹ̀, wo ohun tí ó bọ́ sọnù níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé agídí ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó fa ogun náà, kí ni ó dé tí àwọn ará Ìjàyè kò fi ṣí ẹnubodè ní ọjọ́ kejì tí ó kú? Kí ni ó dé tí wọ́n fi ń jà nìṣó nínú ebi, láìsí Kúrunmí? Ẹni tí ó bá ka eré nìkan kò lè béèrè ìbéèrè yìí, nítorí kò mọ̀ pé àwọn oṣù náà wà. Àwọn jagunjagun tí kò ní orúkọ, tí wọ́n dúró lórí odi lẹ́yìn ikú olórí wọn, ni eré yìí gbàgbé.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú eré, Kúrunmí ń gbèjà àṣà bí ẹni pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé ni Àrẹ̀mọ ti ń bá bàbá rẹ̀ kú. Johnson sọ fún wa pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ní ìgbà láéláé, ọmọ ni ó ń rọ́pò bàbá lórí ìtẹ́ Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn náà ni a ṣòfin pé kí Àrẹ̀mọ máa bá Aláàfin kú, kí ọmọ má baà máa wá ikú bàbá rẹ̀ nítorí ipò. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ohun tí Kúrunmí pè ní àṣà àwọn baba ńlá ti jẹ́ ohun tuntun ní ọjọ́ kan, àti pé ohun tí Àtìbà pè ní àtúnṣe jẹ́ ìpadà sí ohun àtijọ́. Mo fẹ́ kí o ro èyí dáadáa, nítorí ní ayé tiwa yìí pẹ̀lú, ìwọ yóò máa gbọ́ kí ẹnì kan wí pé, "Bí a ti ń ṣe é nìyí láti ayébáyé." Ìtàn ni yóò kọ́ ọ láti béèrè pé, "Láti ọdún wo?"

Nísinsìnyí, kí a bọ́ sórí ìwé tí ọmọ Ìbàdàn gbé wá. Kò sí Yorùbá kan tí ó kàwé tí kò yẹ kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Samuel Johnson. A bí i ní Sàró ní 1846; ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Ìbàdàn. Ó di olùkọ́, ó sì di àlùfáà nígbẹ̀yìn. Ó rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé mọ ìtàn Róòmù àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilẹ̀ baba wọn; ó sì fi ohun tí ó ju ogún ọdún lọ kó ìtàn wa jọ. Ní 1897 ni ó parí rẹ̀. Ní 1899, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó kí a lè tẹ̀ ẹ́, ó sì di àwátì. Samuel kú ní 1901 láìrí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tí ó jẹ́ dókítà ìṣègùn, jókòó ti àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí ó kù, ó sì tún ìwé náà kọ. Nígbà tí wọ́n fi èyí pẹ̀lú ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ ojú omi ogun Jámánì mú ọkọ̀ tí ó gbé e lójú òkun. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ìwọ tí ó rọrùn fún láti mú ìwé náà lórí pẹpẹ, kí o rántí ohun tí ó gbà kí ó tó dé ibẹ̀.

Ìwà rere mìíràn tí Johnson ní ni pé ó dárúkọ àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ó dárúkọ David Kukomi, àgbà ìjọ Ìbàdàn; ó dárúkọ Josiah Oni, oníṣòwò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá; ó dárúkọ Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ, ẹni tí ó mọ ìtàn púpọ̀. Ó sì sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni òun ti gbọ́ ìtàn ìgbà láéláé. Akọ̀wé ìtàn tí ó bá sọ ibi tí ó ti pọn omi rẹ̀ fún wa láàyè láti lọ wo odò náà fúnra wa.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo odò náà. Ààfin ni àwọn arọ́kin ń gbé, láti ọwọ́ Aláàfin ni wọ́n sì ti ń jẹ. Johnson fúnra rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìdílé rẹ̀. Ó sì ka ara rẹ̀ mọ́ àrọ́mọdọ́mọ Aláàfin Abíọ́dún. Nígbà tí ogun Ìjàyè ń lọ, ọmọ bí ọdún mẹ́rìnlá ni, inú Ìbàdàn ni ó sì wà. Ìró ìlù àwọn tí ń lọ sí ogun Ìjàyè ni ó gbọ́. Igbe àwọn tí ó wà nínú Ìjàyè kò dé etí rẹ̀ bí kò ṣe lẹ́yìn náà. Nígbà tí ó bá sọ pé Kúrunmí kó gbogbo agbára ìlú sí ọwọ́ ara rẹ̀, títí kan ti òrìṣà, n kò ní òpùrọ́ ni. Àwọn mìíràn pẹ̀lú sọ pé ọwọ́ Kúrunmí le. Ohun tí mo ń wí ni pé ibi tí ènìyàn bá dúró sí ni ó ń sọ irú ojú ìwòran tí yóò ní. Àti pé nítorí pé Obadiah ni ó tún ìwé náà kọ, ọwọ́ ènìyàn méjì ni ó wà nínú ohun tí à ń kà lónìí.

Bí o bá tún fi ara balẹ̀ ka Johnson, ìwọ yóò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àrẹ̀mọ nìkan ni ó dá ìjà sílẹ̀. Ó sọ ìtàn obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ó kú láìní àrólé, tí Ọ̀yọ́ àti Ìjàyè sì ń du ohun ìní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn tí ó gbé ìwé náà wá kò ka ibẹ̀. Ibi tí ó fẹ́ ni ó ṣí. Nígbà tí ó rí ohun tí ó ń wá, ó pa ìwé dé. Irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀ burú ju àìkàwé lọ, nítorí àìmọ̀ a máa rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àbọ̀ a máa gbéraga.

Ǹjẹ́ àwọn ẹlòmíràn wà tí ó rí ogun náà? Wọ́n wà. Anna Hinderer, ìyàwó òyìnbó oníwàásù, wà ní Ìbàdàn ní gbogbo ìgbà ogun náà. Nígbà tí a ti dí ọ̀nà etí òkun pa, ebi wọ ilé wọn, títí wọ́n fi ń ta ẹrù ilé kí àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn lè rí oúnjẹ jẹ. Inú lẹ́tà àti ìwé ojoojúmọ́ ni ó kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí. A sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé ní 1872, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní òdì kejì, R. H. Stone, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, wà nínú Ìjàyè nígbà tí ogun dé. Òun náà kọ ìwé, ó sì jáde ní 1899. Ẹlẹ́rìí ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n má ṣe fi wọ́n sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà ní alẹ́ ọjọ́ tí ebi pa á kò mọ bí ogun yóò ti parí. Ẹni tí ó kọ ìwé ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà ti mọ̀ ọ́n, ìgbàgbé sì ti bá a jẹ nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àlejò ni àwọn méjèèjì. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n lè sọ. Wọn kò lè sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ọ̀kan ará ìlú.

Ní 1964, ọ̀jọ̀gbọ́n wa, J. F. Adé Àjàyí, kọ nípa ogun Ìjàyè nínú ìwé tí òun àti Robert Smith jọ ṣe lórí ogun jíjà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó ka ìwé Johnson, ó sì ka ìwé àwọn oníwàásù àti ti àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ohun tí ó yẹ kí ó yà ọ́ lẹ́nu ni pé ogun tí eré-oníṣe parí ní ọjọ́ ikú Kúrunmí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì parí ní 1862, Àjàyí gbé e dé ọdún 1865. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí Ìjàyè fọ́ tán, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá kò tíì jáwọ́. Ìjà náà ṣí lọ sí ìhà Rẹ́mọ. Bí o bá fi ojú yìí wò ó, ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣe olórí àti ta ni yóò ni ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun tóbi ju ọ̀rọ̀ Àrẹ̀mọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ti ń rí nígbà tí a bá pe ẹlẹ́rìí púpọ̀: ẹjọ́ a máa gbòòrò, ìdájọ́ a sì máa rọra.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò rí ìwé kankan kọ. Àwọn baba wa ní bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni ó ń fara gbá a. Ìyàn mú ní Ìjàyè nígbà tí ogun yí i ká. Àwọn ọmọdé di aláìníbaba àti aláìníyàá. Àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi kó nínú wọn jọ, wọ́n sì kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ náà tí ó mọ ìdí tí Àrẹ̀mọ fi gbọ́dọ̀ kú tàbí tí ó fi gbọ́dọ̀ yè. Nínú eré, ikú àwọn ọmọ Kúrunmí márààrún ni ó ń pa wá lẹ́kún, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ òǹkàwé mi, nígbà tí o bá ti nu ojú rẹ nù, béèrè àwọn ọmọ yòókù. Béèrè iyá tí ó ń wá iṣu nínú oko tí ogun ti jó. Béèrè lọ́wọ́ eré, kí o sì béèrè lọ́wọ́ ìwé ìtàn. Ẹni tí ìwé kò dárúkọ kò wí pé kò sí rí.

Kí wá ni kí a ṣe? Mo fẹ́ kí o mú ìbéèrè mẹ́rin lọ́wọ́ nígbàkúùgbà tí o bá ń ka ìwé tí ó sọ nípa àtijọ́. Èkínní: májẹ̀mú wo ni òǹkọ̀wé yìí bá mi dá, ìtàn ni tàbí àròsọ? Èkejì: níbo ni ó dúró sí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀, tàbí lẹ́nu ta ni ó ti gbọ́ ọ? Ẹ̀kẹta: ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí, ta ni a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀? Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó le jù: ṣé nítorí pé ó jẹ́ òtítọ́ ni mo ṣe gbà á, tàbí nítorí pé ó yin ìlú mi? Ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ ń dán òǹkọ̀wé wò. Ẹ̀kẹrin ń dán ìwọ fúnra rẹ wò.

Má ṣe rò pé mo ní kí o máa ka ìwé pẹ̀lú ìfura nìkan. Ẹni tí ń fura sí gbogbo oúnjẹ, ebi ni yóò pa á. Ka eré-oníṣe, kí o sì jẹ́ kí ó pa ọ́ lẹ́kún. Ka ìtàn-àròsọ, kí o sì gbé inú ilé àwọn ará àtijọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí o ka ìwé ìtàn, kí o lè mọ ibi tí òǹkọ̀wé ti yí ọ̀nà padà àti ohun tí ó mú kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Eré ń fún wa ní àánú, ìtàn ń fún wa ní òdodo. Adájọ́ tí ó ní àánú láìní òdodo yóò dá ẹlẹ́bi sílẹ̀; èyí tí ó ní òdodo láìní àánú yóò gbàgbé pé ènìyàn ni ó wà níwájú òun.

Ní ti àwọn ọmọ méjì tí mo sọ̀rọ̀ wọn, n kò nà wọ́n, n kò sì wàásù fún wọn. Mo fún wọn ní iṣẹ́ kan. Mo ní kí ọmọ Ìbàdàn lọ kọ ẹjọ́ Ìjàyè, kí ọmọ Ìjàyè sì lọ kọ ẹjọ́ Ìbàdàn, kí olúkúlùkù kọ ọ́ bí ẹni pé ìlú baba rẹ̀ ni. Mo fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Yàrá ìkàwé ni wọ́n ń lọ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́; nítorí pé ìwé kọ̀ọ̀kan ni ó wà, wọ́n ní láti máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n ka iṣẹ́ wọn fún kíláàsì, ọmọ Ìbàdàn ni ó sọ̀rọ̀ nípa ebi tí ó pa àwọn ọmọ Ìjàyè, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n. Ọmọ Ìjàyè ni ó sọ fún wa pé Ìbíkúnlé kò fẹ́ ogun. Kò sí ẹni tí ó bẹ ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ti ń kọjá ní yàrá ìjẹun, mo rí àwo kan ṣoṣo láàárín wọn.

Ìwọ náà, nígbà tí ìwé kan bá mú inú bí ọ sí ẹni tí ó ti kú, tàbí sí ọmọ ẹni tí ó ti kú, má ṣe yára dìde lórí àga. Pe ẹlẹ́rìí kejì.